Akoto Tí Kò Bá Rọrùn Lórí Ọmọ, Orí Ìṣó Ni Yóò Máa Gbé

Ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ inú ilé la máa ń bá ara wa sọ lójú ewé yìí, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí, mo fẹ́ ká tẹ̀ lé ọmọ wa dé ibi iṣẹ́. Akoto ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ìyẹn fìlà líle tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dé níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, tàbí tí wọ́n bá ti ń ṣe afárá àti títì, èyí tí àwọn ọmọ sáìtì ń pè ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá rèé. Màmá kan wà ládùúgbò wa tí àbíkẹ́yìn wọn ń kọ́ nípa ilé kíkọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga. Iléèwé ní kí ọmọ náà lọ lo oṣù mẹ́fà níbi iṣẹ́, èyí táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní IT, ibi tó sì ń lọ ní kó mú akoto àti bàtà tirẹ̀ dání. Màmá yìí gba ọjà lọ, wọ́n ra akoto aláwọ̀ yẹ́lò kan tó ń dán gbinrin, wọ́n wá gbé e wá kí n bá àwọn wò ó. Mo gbà á, mo yí i padà, mo wo inú rẹ̀. Fóòmù tín-ín-rín kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níwájú, àti ọ̀já ike kan tó yí i po, ló wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn mọ́. Mo ní, "Màmá, abọ́ lẹ rà yìí o, ẹ ò tíì ra akoto." Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, àwọn náà dákẹ́.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Bíríkìlà ni àbúrò mi ọkùnrin. Ní nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Wọ́n fún un ní akoto o, kì í ṣe pé wọn ò fún un. Ṣùgbọ́n akoto náà há jù, ó máa ń tẹ̀ ẹ́ níwájú orí, tó bá sì di ọ̀sán, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Bó ṣe di pé ó ń bọ́ ọ kọ́ sára ìṣó nìyẹn. Lọ́jọ́ tí òòlù yọ lọ́wọ́ káfíńtà lókè, akoto wà lórí ìṣó, àbúrò mi wà nísàlẹ̀. Ó wà láàyè lónìí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n etí ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́ láti ọjọ́ náà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ ní láti gba ọwọ́ òsì rẹ̀ wá.

Akoto méjì ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Èkíní máa wà lórí, ṣùgbọ́n kò lè gbani. Èkejì lè gbani, ṣùgbọ́n kò sí lórí. Ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé akoto tó dára ní láti lágbára, kó sì tún rọrùn. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni akoto bíbọ́ kọ́ ni oògùn akoto tó ń dunni, ká wá èyí tó bá orí mu ni. Wọ́n sì tún sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọmọ ọ̀hún bá tilẹ̀ ti hu irùngbọ̀n, orí ọmọ ṣì ni.

Ohun tí akoto ń ṣe fún orí

Ìkarahun ni ohun líle tó wà lókè yẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gba nǹkan tó bá já bọ́, kó sì fọ́n agbára rẹ̀ ká, kó má bàa dá sójú kan. Ṣùgbọ́n ìkarahun nìkan kò tó. Nínú rẹ̀, àwọn okùn pẹlẹbẹ kan gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n gba orí ara wọn kọjá bí àgbélébùú, tí wọ́n sì so mọ́ ìkarahun níbi mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Àwọ̀n inú ni màá máa pè é. Àwọ̀n yìí ló ń jókòó sórí wa, kì í ṣe ìkarahun. Àlàfo máa ń wà láàrin àtàrí àti ìkarahun, ó máa ń tó íńṣì kan àti díẹ̀, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Bí nǹkan bá já lu akoto, àwọn okùn náà á nà díẹ̀, wọ́n á fa agbára náà mu, ìkarahun kò sì ní í kan agbárí. Ẹni tó bá ti ru igi láìfi òṣùká sórí rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Bí kò bá sí àwọ̀n, ìkarahun ti fara kan agbárí nìyẹn. Gbogbo agbára ohun tó já bọ́ ló máa wọlé tààrà sínú orí àti ọrùn. Ohun tó mú kí n pe ti màmá yẹn ní abọ́ nìyẹn.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1919, ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Bullard ṣe akoto kan látara aṣọ kánfáàsì tí wọ́n fi ooru omi sè, tí wọ́n fi àtè lẹ̀, tí wọ́n sì kùn lọ́dà dúdú. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ afárá ńlá Golden Gate nílùú kan náà lọ́dún 1933, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí àwọn òṣìṣẹ́ máa dé akoto. Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ti yí padà, ike líle ló pọ̀ jù lóde báyìí, ṣùgbọ́n àwọ̀n inú ni ọgbọ́n rẹ̀ ṣì dá lé.

Ẹ jẹ́ ká tún mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nílẹ̀ Yúróòpù, bí wọ́n bá fẹ́ dán akoto wò, wọ́n máa ń ju irin tó wúwo tó kílò 5 lù ú láti òkè mítà 1. Òòlù kílò 1 tó já bọ́ láti òkè mítà 5, agbára kan náà ló ní. Búlọ́ọ̀kù oní-íńṣì 9 tí à ń lò nílẹ̀ wa ńkọ́? Ó máa ń wọ kílò 20, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí búlọ́ọ̀kù kílò 20 bá já bọ́ láti òkè tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan péré, ó ti dé ìwọ̀n tí wọ́n fi dán akoto wò. Òòlù, òkúta kékeré, irin wẹ́wẹ́, tàbí pákó tí èèyàn ṣèèṣì forí gbá, ìyẹn ni akoto wà fún. Kò wà fún búlọ́ọ̀kù tó ti àjà kẹta bọ̀, kò sì wà fún ilé tó wó. Nígbà tí ilé alájà 21 kan wó ní Ìkòyí, nílùú Èkó, lọ́jọ́ 1, oṣù kọkànlá, ọdún 2021, èèyàn tó lé ní 40 ló kú. Kò sí akoto tó lè gba èèyàn lábẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má ṣe dúró lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fa ẹrù gòkè nítorí pé akoto wà lórí òun.

Bẹ́ ẹ bá dé ọjà

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ mú ọmọ dání. Orí ọmọ la fẹ́ ra akoto sí, kì í ṣe orí ìyá rẹ̀.

Ẹ yí akoto náà padà kẹ́ ẹ tó béèrè iye rẹ̀. Ẹ wo àwọ̀n inú. Ẹ ka ibi tó ti so mọ́ ìkarahun: bí kò bá tó mẹ́rin, ẹ gbé e padà. Ẹ fa okùn kọ̀ọ̀kan wò, kò gbọ́dọ̀ yọ lójú ihò rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi aṣọ ṣe máa ń rọ̀ lórí ju èyí tí wọ́n fi ike ṣe lọ, ó sì dára fún ẹni tó máa dé e láti àárọ̀ dalẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Akoto gidi máa ń ní orúkọ ẹni tó ṣe é, ìwọ̀n orí tó bá mu, àti nọ́ńbà tó fi hàn pé wọ́n ti dán an wò. EN 397 ni ti Yúróòpù, ANSI Z89.1 ni ti Amẹ́ríkà. Wọ́n máa ń tẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́ ara ike náà nígbà tí wọ́n ń ṣe é ni, ọwọ́ èèyàn sì máa mọ̀ ọ́n lára. Bó bá jẹ́ bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nìkan ló ní, ẹ ṣọ́ra.

Ẹ tún wo abẹ́ etí akoto náà níwájú. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ máa rí àmì róbótó kan bí ojú aago, tó ní nọ́ńbà 1 dé 12 yípo, tí ọfà kan wà láàrin rẹ̀. Oṣù tí wọ́n ṣe é ni ọfà náà ń tọ́ka sí, nọ́ńbà tó wà láàrin sì ni ọdún. Èyí ṣe pàtàkì, torí ike máa ń gbó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe akoto ló ń gbani nímọ̀ràn pé ká pààrọ̀ àwọ̀n inú lẹ́yìn ọdún kan, ká sì pààrọ̀ odindi akoto láàrin ọdún 2 sí 5, bó bá ṣe ń rí oòrùn sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, tàbí tí ìbátan fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, àmì yìí gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Akoto lè máa dán níta kó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá.

Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì títí tó fi máa wọlé bí íńṣì kan, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà sípò rẹ̀ kíá. Bó bá ń dún kẹ́kẹ́, tàbí tó sán, tàbí tí ara rẹ̀ ti ṣá tó ń ṣe funfun bí ẹfun, oòrùn ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ má rà á.

Fìlà kan tún wà lọ́jà tó dà bíi fìlà olójú táwọn ọ̀dọ́ ń dé, tí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó fúyẹ́, ó sì wuyì, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi orí gbá nǹkan nínú ilé ìkẹ́rù tàbí lábẹ́ mọ́tò ló wà fún. Kò lè gba ohun tó bá já bọ́ láti òkè. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi í lọ sáìtì.

Bó ṣe yẹ kó jókòó sórí

Ọ̀pọ̀ akoto ló ń gba orí tó fẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 52 dé 64. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn orí ọmọ, kó gba òkè ojú díẹ̀, kó sì yí ìpàkọ́ po. Oríṣi méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é tó fi ń fẹ̀ tàbí há. Ọ̀kan ní ihò tí wọ́n ń ki nǹkan bọ̀, bíi ti bẹ́líìtì. Èkejì ní kókó lẹ́yìn tí wọ́n ń yí. Èyí tó ní kókó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ lè tún un ṣe pẹ̀lú ọwọ́ kan láìbọ́ ọ, mo sì rí i pé òun ni wọn kì í sábà gbé kọ́ orí ìṣó.

Ẹ jẹ́ kó dé e, kó wà ní gbọọrọ, kó má dà sẹ́yìn bíi fìlà ẹni tó ń lọ òde. Etí iwájú rẹ̀ ní láti wà díẹ̀ lókè ìpéǹpéjú, kó má bo ojú. Ní kí ó tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, kó sì mi orí sọ́tùn-ún sósì, láìso okùn abẹ́ àgbọ̀n. Bó bá já bọ́, ó ti tú jù. Lẹ́yìn náà, kó dé e fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá níwájú ọlọ́jà, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà kán yín lójú. Bẹ́ ẹ bá bọ́ ọ tẹ́ ẹ rí ojú okùn tó ti jìn níwájú orí rẹ̀, tàbí tó ní orí ti ń fọ́ òun, ó há jù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni àbúrò mi kò rí.

Ẹlòmíì fẹ́ràn kó máa dojú akoto sẹ́yìn. Àyàfi bí ẹni tó ṣe é bá tẹ àmì ọfà méjì tó yípo sí i lára pé ó ṣeé dé bẹ́ẹ̀, kó má dán an wò.

Ooru, fìlà àti irun dídì

Bẹ́ ẹ bá bi àwọn ọmọ wa pé kí ló dé tí wọn ò dé akoto, ooru ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Wọn ò parọ́. Ẹ lè bá wọn dín in kù. Akoto funfun kì í gba oòrùn sára tó dúdú tàbí búlúù. Àwọ̀ kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú agbára. Lóòótọ́, ní sáìtì púpọ̀, funfun ni tàwọn ẹnjiníà, yẹ́lò sì ni tàwọn lébìrà, nítorí náà kí ọmọ béèrè kẹ́ ẹ tó rà. Èyí tó ní ihò atẹ́gùn lókè tún máa ń tutù, àfi fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ iná, mo ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fúnra rẹ̀ lu ihò sí akoto o, ihò tí a lu yẹn ni ó máa gbà là.

Aṣọ tó wà níwájú orí nínú rẹ̀ ló ń fa òógùn mu. Ó ṣeé yọ, ó ṣeé fọ̀, ó sì ṣeé pààrọ̀. Ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti tó. Kí wọ́n má fi epo bẹntiróòlù, kẹrosíìnì tàbí tínà fọ ìkarahun, wọ́n ń jẹ ike. Bákan náà ni kí wọ́n má kùn ún lọ́dà. Bó bá ṣeé ṣe, kí ọmọ má ṣe bá ẹlòmíì pín akoto lò, torí ibẹ̀ ni làpálàpá orí àti iná orí ti máa ń ràn.

Àwọn bàbá kan máa ń béèrè bóyá àwọn lè dé fìlà sábẹ́ akoto. Fìlà tó nípọn á gba ààyè àlàfo inú yẹn, akoto á sì máa yọ̀. Fìlà pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́ tí kò ní kókó tàbí bọ́tìnnì kò burú. Gèlè kò ṣeé wé sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọbìnrin yín jẹ́ ẹnjiníà tàbí tó ń lọ fún IT, ọ̀rọ̀ irun ṣe pàtàkì: ṣùkú tó kó irun jọ sí àtàrí kò bá akoto rìn, ṣùgbọ́n kọ̀lẹ́sẹ̀ tó lọ pẹlẹbẹ sí ìpàkọ́ bá a mu dáadáa.

Ìyá kan sọ fún mi pé ọmọ òun máa ń ki fóònù àti owó sínú akoto, kí wọ́n má bàa jí i. Àlàfo yẹn kì í ṣe àpò o. Bí nǹkan bá já lù ú, fóònù yẹn gan-an ló máa wọ ọmọ lórí.

Irú iṣẹ́ ló ń sọ irú akoto

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wáyà iná kò gbọ́dọ̀ lo akoto tó ní ihò atẹ́gùn tàbí èyí tí wọ́n fi irin ṣe. Nínú ètò Amẹ́ríkà, lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀: wọ́n fi iná volt 20,000 dán E wò, wọ́n fi volt 2,200 dán G wò, C kò sì dáàbò boni lọ́wọ́ iná rárá. Kò wá túmọ̀ sí pé kí ẹni tó dé E máa fi orí kan wáyà o.

Ẹni tó ń gun òkè nílò okùn abẹ́ àgbọ̀n. Bí èèyàn bá yọ̀ ṣubú láìso ó, akoto á ti fò lọ kí orí tó kanlẹ̀.

Ẹ tún bá mi sọ fún àwọn ọlọ́kadà pé akoto sáìtì kì í ṣe akoto ọ̀kadà. Láti ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 2009, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé akoto, àwọn kan gbé igbá dé, àwọn mìíràn gbé ike ọ̀dà. Títí dòní lẹ máa ń rí àwọn tó ń dé ti sáìtì lórí ọ̀kadà. Ohun tó ń já bọ́ láti òkè ni ti sáìtì ń gbà, ti ọ̀kadà sì ní fóòmù líle tó bo ẹ̀gbẹ́ àti ìpàkọ́ nítorí títì. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Iṣẹ́ kan wà tó le jù, ìyẹn tàwọn tó ń fi orí ru kọnkéré àti búlọ́ọ̀kù, tí ìyá ọlọ́mọ sì pọ̀ nínú wọn. Kò sí bí wọ́n ṣe lè dé akoto kí wọ́n tún gbé páànù lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ fún wọn ni mo ń bẹ̀. Ẹ wá bárò, ẹ wá okùn tí wọ́n á fi máa fà á gòkè. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ la ọ̀nà tí wọ́n á máa gbà tí kò sí lábẹ́ ibi tí àwọn tó wà lókè ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì dé akoto ní kété tí wọ́n bá sọ páànù kalẹ̀.

Ẹ má sọ ọ́ di àga tàbí garawa

Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi akoto pọn omi, tí wọ́n ń jókòó lé e jẹun, tí wọ́n sì ń fi gbọ́n iyanrìn. Mo ti rí èyí tí wọ́n jù sẹ́yìn gíláàsì mọ́tò tí oòrùn ń sun ún láti àárọ̀ dalẹ́. Ibi tútù tí òjìji wà ni kó máa sùn. Bó bá ti gba ẹ̀rù ńlá lẹ́ẹ̀kan, bí nǹkan wúwo bá ti já lù ú, ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, kódà kẹ́ ẹ má rí ibi tó là. Ẹ fọ́ ọ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù, kí ọmọ ẹlòmíì má bàa ṣà á dé.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti fẹ̀yìn tì, tẹ́ ẹ sì ń fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́lé díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa ń lọ wo àwọn bíríkìlà láàárọ̀, ẹ̀yin àti fìlà abetí ajá yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra akoto kan fún ara yín, kẹ́ ẹ sì ra bíi mẹ́ta sí i fún àlejò. Ẹ wá èyí tó fúyẹ́, nítorí ọrùn àgbà kì í fẹ́ ẹrù. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá rí i pé Bàbá tó ni ilé ń dé tiwọn, àwọn náà á dé tiwọn.

Ẹ̀yin òbí, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó béèrè bóyá ilé iṣẹ́ náà ń dáwó sí NSITF. Òfin kan wà láti ọdún 2010 tó ní kí agbanisíṣẹ́ máa dáwó sí àpò yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ló ń san án, kì í ṣe òṣìṣẹ́.

Bí nǹkan bá ti ba orí

Bí nǹkan bá já lu èèyàn lórí, ì báà dé akoto, ì báà má dé e, ẹ má ṣe fún un ní nǹkan mu, ẹ má wọ́ ọ lọ́rùn, ẹ má fi róòbù wọ́ ọ lórí. Bó bá ṣubú, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ọrùn rẹ̀ má yí. Bó bá dákú, tó ń bì léraléra, tí orí ń fọ́ ọ sí i, tó ń sùn lọ lójú orun tí kò ṣeé jí, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí gìrì mú un, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kú tìpìrì, tí ọmọlójú kan tóbi ju èkejì lọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde létí tàbí nímú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, torí wọ́n lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i.

Ti àgbàlagbà tún yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè máa sun díẹ̀díẹ̀ sínú agbárí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó ti gbàgbé pé nǹkan gbá òun lórí, pàápàá bó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí Bàbá bá wá ń gbàgbé nǹkan lójijì, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ogbó ti dé. Ẹ rántí ọjọ́ tó lọ sáìtì, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Màmá tí mo sọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan dá abọ́ yẹn padà. Wọ́n bá ọlọ́jà fa ọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n san owó lé e, wọ́n sì mú ọmọ lọ kó lọ dé èyí tó bá orí rẹ̀ mu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà ti ibi iṣẹ́ dé, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ kí màmá rẹ̀, ó gba oúnjẹ. Ó ti ń jẹun lọ kí màmá tó pe àkíyèsí rẹ̀ sí i pé akoto ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ní òun ti gbàgbé pé òun dé nǹkan.

Irú akoto bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá fún ọmọ yín. Ọlọ́run á máa mú àwọn ọmọ wa lọ, á máa mú wọn bọ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.